Sìkìrìnì Mélòó Ló Tó Ẹni Tó Ń Gun Kẹ̀kẹ́ Nínú Ilé?

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lónìí lè kọ́kọ́ pa ẹlòmíràn lẹ́rìn-ín: ènìyàn yóò gun kẹ̀kẹ́ fún wákàtí kan gbáko nínú yàrá, òógùn yóò bò ó, kò sì ní kúrò lójú kan. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti lo oṣù Kejìlá ní London tàbí Manchester mọ̀ pé nígbà tí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ bá fi máa kọjá díẹ̀, ilẹ̀ ti ṣú, òjò ń wẹ́ lórí títì, òtútù sì ń jáni létí. Àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ níbẹ̀, àwọn ọmọ wa pẹ̀lú wọn, kì í fẹ́ jókòó títí ooru yóò fi padà dé. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n á yọ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ wọn, wọ́n á gbé kẹ̀kẹ́ náà ka orí ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń pè ní trainer, wọ́n á sì so ṣéènì mọ́ ọn. Ẹ̀rọ yìí ń wọn agbára tí ẹsẹ̀ ń fi tẹ pẹ́dà ní wáàtì, ó sì ń fi í ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà láìlo wáyà. Kọ̀ǹpútà náà á máa dá a lóhùn: bí ọ̀nà inú àwòrán bá kan òkè, ẹ̀rọ á le mọ́ ẹsẹ̀, bó bá di gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, á dẹ̀.

Zwift, ilé-iṣẹ́ kan ní Long Beach ní ìpínlẹ̀ California, ni orúkọ rẹ̀ gbajúmọ̀ jù nínú iṣẹ́ yìí. Ọdún 2014 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé ètò wọn jáde fún ìdánwò, erékùṣù àfinúdá kan tí wọ́n ń pè ní Watopia sì ni ọ̀pọ̀ àwọn oníbàárà wọn ti ń gun kẹ̀kẹ́. Àwọn mìíràn wà, bíi Rouvy ti orílẹ̀-èdè Czech, tó ń lo fídíò ojú ọ̀nà gidi. Nígbà tí àrùn Kòrónà sé ayé mọ́lé ní 2020, eré yìí kúrò ní ohun tí àwọn díẹ̀ ń fi ṣe ìgbafẹ́. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹrin ọdún náà, nígbà tí ìdíje Tour of Flanders ti ilẹ̀ Belgium kò lè wáyé lójú títì, ògbóǹtarìgì 13 gun kẹ̀kẹ́ nínú ilé oníkálukú, wọ́n sá kìlómítà 32 tó kẹ́yìn nínú rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, Greg Van Avermaet ló sì gbégbá orókè. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kejìlá, UCI, àjọ tó ń darí eré kẹ̀kẹ́ lágbàáyé, ṣe ìdíje àgbáyé àkọ́kọ́ fún irú eré yìí lórí Zwift. Ashleigh Moolman-Pasio, ọmọ South Africa, ló gbà á láàárín àwọn obìnrin. Jason Osborne láti Jámánì ló gbà á láàárín àwọn ọkùnrin, bẹ́ẹ̀ eré ìtukọ̀ lójú omi ni a mọ ọkùnrin náà mọ́ títí di ìgbà náà.

Bí eré náà ti ń di ńlá ni owó tí wọ́n ń ná lé e lórí ń pọ̀ sí i, ìbéèrè kan sì wà tí kò tán lẹ́nu àwọn tó ń ṣe é: sìkìrìnì mélòó ló yẹ kí ènìyàn tò síwájú kẹ̀kẹ́? Àwọn kan ní ọ̀kan tó. Àwọn kan to mẹ́ta ní ìlà kan, kí ọ̀nà lè gba ọ̀tún àti òsì yí wọn ká. Èrò tèmi ni pé iye kọ́ la ó fi dá ẹjọ́ yìí. Sìkìrìnì tó bá ń sọ ohun kan tí ẹsẹ̀ lè fi ṣe ìpinnu ní iṣẹ́ tó ń ṣe níbẹ̀. Èyí tó bá wà láti mú ojú ọ̀nà fẹ̀ lásán, owó ló ń jẹ, ó sì ń jẹ ju owó lọ, gẹ́gẹ́ bí a ó ti rí i.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu àwọn tó fẹ́ mẹ́ta, nítorí ẹ̀rí wọn kì í ṣe kékeré. Kì í ṣe bákan náà ni gbogbo ojú ṣe ń ríran. Àárín gbùngbùn rẹ̀, èyí tí a fi ń kàwé, kò fẹ̀ ju nǹkan bíi dígírì 2 lọ: bí ẹ bá na apá yín tán, tí ẹ gbé àtàǹpàkò sókè, ibi tí ẹ ti ń ríran kedere kò fi bẹ́ẹ̀ ju ìbú àtàǹpàkò náà lọ. Ìyókù, tó fẹ̀ tó nǹkan bíi dígírì 180 láti ọ̀tún dé òsì, kò lè ka lẹ́tà, ṣùgbọ́n bí nǹkan bá mira pẹ́nrẹ́n níbẹ̀, ó ti mọ̀. Apá ibẹ̀ ló sì ń ṣiṣẹ́ jù láti sọ fún ara pé ó ń lọ. Ẹni tó jókòó nínú ọkọ̀ ojú irin tó dúró, tí èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ wá gbéra, á rò pé tòun ló ń lọ. Ernst Mach, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ọmọ Austria, ti kọ ìwé lórí irú ìmọ̀lára báyìí láti 1875. Ní 1973, Brandt, Dichgans àti Koenig ní Jámánì mú ènìyàn jókòó sáàárín nǹkan bí àgbá ńlá tí wọ́n fa ilà sí nínú, wọ́n ń yí i po. Wọ́n rí i pé bí wọ́n bá bo dígírì 30 tó wà láàárín ojú, ẹni náà ṣì ń rò pé òun gan-an ló ń yí. Bí ó bá jẹ́ pé àárín yẹn nìkan ni wọ́n ṣí sílẹ̀, ìmọ̀lára náà á lọ sílẹ̀ gan-an.

Àwọn onísinimá ti lo ọgbọ́n yìí rí. Fred Waller, ará Amẹ́ríkà, ló ṣe ẹ̀rọ tí wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ogun ní ìbọn yíyìn sí ọkọ̀ òfuurufú nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ẹ̀rọ náà sì ń tan àwòrán yí akẹ́kọ̀ọ́ ká. Lẹ́yìn ogun ó sọ ọ́ di Cinerama: ẹ̀rọ asọfíìmù mẹ́ta tí wọ́n ń tan àwòrán mẹ́ta papọ̀ sórí aṣọ tó tẹ̀ kòrófo, tó gba dígírì 146. Nígbà tí wọ́n gbé e jáde ní New York ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án 1952, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ tàn sórí aṣọ náà ní gbogbo fífẹ̀ rẹ̀ ni ọkọ̀ ìgbafẹ́ tó ń gun òkè tó ń já sísàlẹ̀, tí wọ́n ya bí ẹni pé òǹwòran ló jókòó síwájú rẹ̀ pátápátá. Ẹ wá fi wé ti kẹ̀kẹ́. Mọ́nítọ̀ ínǹṣì 27 fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 60. Bó bá jìnnà sójú ní sẹ̀ǹtímítà 70, dígírì 46 ló ń gbà nínú ohun tí ojú ń rí. Bí a bá to mẹ́ta rẹ̀ yí orí ká, ó di nǹkan bíi 139, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá Cinerama dọ́gba. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ pé mẹ́ta ń jẹ́ kí òun lérò pé òun ń lọ, òótọ́ ló sọ, ìmọ̀ sì ti í lẹ́yìn.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó wà nínú àwòrán náà. Iwájú ọkọ̀ ni Waller gbé òǹwòran rẹ̀ sí. Lórí Zwift, bí ẹnikẹ́ni kò bá yí i padà, ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ ni kámẹ́rà máa ń wà, tó fi jẹ́ pé ẹ̀yìn ara yín ni ẹ ń wò. Bí ọ̀nà bá yà, kẹ̀kẹ́ inú àwòrán á yà fúnra rẹ̀, ẹ kò ní ohun kan láti ṣe sí i, àfi ẹni tó bá dìídì ra ohun ìdarí. Bí ẹlòmíràn bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, ẹ lè gba inú ara rẹ̀ kọjá, kò sí ìkọlù. Nínú eré ìje mọ́tò orí kọ̀ǹpútà, ọ̀rọ̀ yàtọ̀: awakọ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀ bóyá mọ́tò kan ti wà lápá òsì òun kó tó yà, ó sì gbọ́dọ̀ rí igun ọ̀nà kó tó dé e, ìdí nìyẹn tí sìkìrìnì mẹ́ta fi pọ̀ lọ́dọ̀ wọn. Ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ń yí ohun tí ọwọ́ wọn ń ṣe padà. Kẹ̀kẹ́ inú ilé kò ní irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún ẹ̀gbẹ́ ojú. Igi Watopia tó ń sáré kọjá létí yín kò ní kí ẹ tẹ pẹ́dà le, kò sì ní kí ẹ dẹ̀ ẹ́.

Àwọn kan á dáhùn pé àwọn kò wá ìpinnu, ìmọ̀lára ni àwọn wá, pé bí ara bá gbà pé ó ń rìn, ìnira á fúyẹ́. Ó ṣeé gbọ́, ṣùgbọ́n ìmọ̀lára yìí ní gbèsè. Kẹ̀kẹ́ orí trainer kì í tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bó bá dé kọ́nà. Ibi tí etí inú ti ń ṣọ́ ìdúró ara ń sọ pé a kò mira, ojú ní a ti yà sí ọ̀tún. Reason àti Brand, nínú ìwé tí wọ́n kọ lórí èébì ọkọ̀ ní 1975, gbé e ka orí irú aáwọ̀ yìí láàárín ojú àti etí. Bí àwòrán bá ti yí ojú ká tó ni aáwọ̀ náà ń le tó, ẹni tó sì ti ń mí hẹlẹ kò nílò kí inú rẹ̀ tún máa rú. Ọ̀rọ̀ àwòrán fúnra rẹ̀ tún wà níbẹ̀: bí ètò kan bá ń lo kámẹ́rà kan ṣoṣo, tí a wá fà á gba ara sìkìrìnì mẹ́ta, ohun tó wà létí á fẹ̀ gbàràgàdà bí ẹni pé wọ́n nà án, férémù dúdú méjì á sì là á já. Wàhálà ibi tí àwòrán ti pàdé yìí bá Cinerama náà fínra. Fíìmù àròsọ méjì péré ni wọ́n fi ẹ̀rọ mẹ́ta yẹn ṣe, méjèèjì ní 1962. Láti 1963 ni wọ́n ti padà sórí fíìmù kan ṣoṣo tó fẹ̀.

Kí wá ni ẹsẹ̀ ń pinnu? Ẹ jẹ́ ká wo ẹni tó wà nínú ìdíje. Ìpinnu rẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ń yára dé: ṣé kí n fi kún un, àbí kí n dín in kù? Ṣé kí n tẹ̀ lé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ já lọ yẹn? Òkè tó kàn gùn tó ibo? Ètò náà ń ṣírò atẹ́gùn bíi ti ìta, tó fi jẹ́ pé ẹni tó sá pamọ́ sẹ́yìn ẹlòmíràn ń fi wáàtì tó kéré sá eré kan náà. Bí àlàfo ìṣẹ́jú àáyá bíi mélòó kan bá ṣí láàárín òun àti ẹni iwájú, atẹ́gùn ti bá a, ó di kó fi ẹ̀jẹ̀ dí i. Gbogbo ohun tí yóò fi mọ èyí ni wọ́n tò sójú kan náà: wáàtì, iye ìgbà tí ẹsẹ̀ ń yí àti ìlù ọkàn lápá òsì lókè, eré, ibi tó rìn dé àti àkókò láàárín, àwòrán ilẹ̀ lápá ọ̀tún, orúkọ àwọn tó wà nítòsí lábẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú àlàfo wọn àti wáàtì tí oníkálukú ń tẹ̀ fún kílò kan ara rẹ̀. Ìkíni àwọn ẹlẹgbẹ́ á tún máa já lù ú. Lórí sìkìrìnì kékeré, èyí tó kù fún ọ̀nà kò tó nǹkan.

Ibí yìí ni sìkìrìnì kejì ti ń ṣiṣẹ́, kò sì ní kó fẹ̀. Ẹ pín àwọn ohun wọ̀nyí sí méjì. Èyí tí ojú ń wá ní gbogbo ìgbà, bíi wáàtì àti àlàfo, kó dúró síwájú gan-an. Èyí tó ń wá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, bí àwòrán ilẹ̀, ọ̀rọ̀ àwọn ẹlẹgbẹ́ àti ìtòlẹ́sẹẹsẹ ìdánrawò ọjọ́ náà, kó lọ sí èkejì. Àwọn Zwift fúnra wọn ti rí i bẹ́ẹ̀, wọ́n ní áàpù tí wọ́n ń pè ní Companion, tó ń gbé àwòrán ilẹ̀ àti ìfọ̀rọ̀ránṣẹ́ sórí fóònù, tí ènìyàn sì lè fi padà sẹ́yìn lójú ọ̀nà láìfọwọ́ kan kọ̀ǹpútà. Ẹnìkan lè bi mí pé, ṣé ẹni tó ń lé eku méjì kò ní pófo, ṣé ojú tó ń sáré láti ibì kan sí ibòmíràn kò ní gbàgbé èyí tó ṣe pàtàkì? Ojú ti ń sáré tẹ́lẹ̀, láti igun sìkìrìnì kan dé igun kejì, láàárín nǹkan mẹ́wàá tó fúnpọ̀. Bí a bá ti kó èyí tí kì í ṣe ti kánkán kúrò níbẹ̀, ojú á mọ ibi tó ń lọ àti ìdí tó fi ń lọ.

Àwọn mìíràn á ní kí ènìyàn kúkú ra tẹlifíṣọ̀n ńlá kan, kí gbogbo rẹ̀ parí. Mo gbà pé ìmọ̀ràn yìí dára ju mọ́nítọ̀ mẹ́ta lọ, ṣùgbọ́n kí a má jẹ́ kí ínǹṣì tàn wá. Tẹlifíṣọ̀n ínǹṣì 55 fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 122. Bí wọ́n bá gbé e kọ́ ògiri ní mítà kan àtààbọ̀ sí ojú, dígírì 44 ló ń gbà, èyí tó dín díẹ̀ sí ti mọ́nítọ̀ ínǹṣì 27 tó sún mọ́ni. Èrè rẹ̀ wà níbòmíràn: ojú ẹni tó ti lé ní ogójì ọdún kì í fẹ́ ohun tó sún mọ́ ọn jù. Èyí sì kan ibi tí a ń gbé sìkìrìnì kejì sí. Ọ̀pọ̀ ń so tablet mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́, ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 50 sí ojú, nígbà tí tẹlifíṣọ̀n wà lọ́nà jíjìn. Ojú àgbà kì í yára yí láti ọ̀kan sí èkejì, ẹni tó ń wọ awò tó pín sí méjì á sì máa ju orí sókè sódò bí alángbá. Kí sìkìrìnì méjèèjì wà ní ìwọ̀n jíjìn kan náà, kí èkejì lọ sílẹ̀ díẹ̀ lábẹ́ àkọ́kọ́ ju kó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ lọ, nítorí ẹni tó tẹ̀ sórí kẹ̀kẹ́ lè rẹ ojú sílẹ̀ láìyí ọrùn. Òógùn tún wà níbẹ̀: bó bá kán sórí tablet, sìkìrìnì á rò pé ìka ni, á máa ṣí ohun tí ẹnikẹ́ni kò pè.

Fíìmù ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ló ra sìkìrìnì kejì láti fi wo eré bọ́ọ̀lù tàbí fíìmù, àwọn tó ka ìdánrawò sí ohun mímọ́ sì máa ń bínú sí i. N kò bá wọn bínú. Bí trainer bá wà lórí ètò tí wọ́n ń pè ní ERG, òun ló ń di wáàtì mú ní iye tí a ní kó dì í mú; bí ẹsẹ̀ bá yára, ó dẹ̀, bó bá falẹ̀, ó le. Ìpinnu ti bọ́ lọ́wọ́ ẹsẹ̀ nìyẹn, ojú sì lè lọ síbi tó wù ú. Àwọn tó ń ṣèwádìí lórí ìdárayá, bíi Costas Karageorghis ti Yunifásítì Brunel ní London tó ti pẹ́ lórí ọ̀rọ̀ orin, fi hàn pé ohun tó ń gba ọkàn lè mú kí iṣẹ́ tí kò le jù fúyẹ́ lára. Ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ bá ti le dé ibi tí èémí ti ń já, ara fúnra rẹ̀ á pariwo bo orin àti fíìmù mọ́lẹ̀. Nítorí náà, fíìmù dára fún ọjọ́ tí a bá ń rọra lọ. Lọ́jọ́ ìdíje, ẹ pa á.

Ìdènà kékeré kan wà tí ń dá àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbé ohun èlò kejì wọlé dúró. Ọ̀pọ̀ trainer, pàápàá èyí tó ti pẹ́ díẹ̀, ẹ̀rọ kan ṣoṣo ni wọ́n lè bá sọ̀rọ̀ lórí Bluetooth. Bí tablet bá kọ́kọ́ dì mọ́ ọn, kọ̀ǹpútà á wá a tì, ènìyàn á sì rò pé trainer ti bàjẹ́. Ẹ pa Bluetooth tablet náà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, tàbí kí ẹ lo ANT+, ọ̀nà mìíràn tó jẹ́ pé ẹ̀rọ púpọ̀ lè gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ní ti mọ́nítọ̀ kejì tí a so mọ́ kọ̀ǹpútà Windows, ẹ tẹ bọ́tìnnì Windows pọ̀ mọ́ lẹ́tà P. Ó máa bi yín bóyá ohun kan náà ni kó hàn lórí méjèèjì, tàbí kó sọ wọ́n di ojú kan tó gùn. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni ẹ fẹ́.

Ó ku iná àti ooru, níbi tí sìkìrìnì mẹ́ta ti ń jẹ ju owó lọ. Mọ́nítọ̀ ínǹṣì 27 kan máa ń jẹ nǹkan bíi wáàtì 30. Kọ̀ǹpútà tó ní agbára láti ya àwòrán sórí mẹ́ta lè jẹ 300 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó ń tẹ wáàtì 200, ìyẹn sì dára fún ẹni tí kì í ṣe ọ̀jẹ̀, kò lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tan ohun tó ń wò. Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé, tí ẹ ń ra epo sí jẹnẹrétọ̀, ẹ ó tètè mọ ohun tí mò ń sọ. Gbogbo iná yẹn ló ń di ooru nínú yàrá. Bẹ́ẹ̀, nínú agbára tí ara ènìyàn ń jó, ìdá 20 sí 25 nínú ọgọ́rùn-ún ló ń dé pẹ́dà. Wáàtì 200 lẹ́sẹ̀ túmọ̀ sí nǹkan bíi 600 sí 800 tó ń jáde lára ní ooru, láìsí atẹ́gùn ojú ọ̀nà tí yóò gbé e lọ. Fáànù nìkan ló lè ṣe é, iwájú ló sì yẹ kí fáànù wà, kó kọjú sí àyà. Ibẹ̀ gan-an ni ògiri mọ́nítọ̀ mẹ́ta máa ń dí. Ẹni tó bá ṣì fẹ́ mẹ́ta lẹ́yìn gbogbo ohun tí a ti sọ yìí, kó gbé fáànù méjì sábẹ́ tábìlì, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, kí wọ́n gbójú sókè díẹ̀ kí atẹ́gùn lè gba abẹ́ mọ́nítọ̀ bọ́ sí i láyà, kó sì tàn wọ́n kó tó gorí kẹ̀kẹ́, kó má ṣe dúró dìgbà tí òógùn bá bo ojú rẹ̀.